Ọkọ̀ Ogun Alágolo ti Sìkírátù

Ẹni tó bá pe Sìkírátù ọmọ Bàbá Àlímì ní alágídí kò purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ orúkọ kékeré ló fún un. Èmi Jemilat, aránṣọ, ìsọ̀ mi àti tirẹ̀ ló fara kanra ní ọjà Máìlì Wan, ní Díóbù, ní Port Harcourt. Páànù kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Bí mo bá ti ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi, òun náà á máa gbá páànù lọ́dọ̀ tirẹ̀, gbà-gbà-gbà, débi pé àwọn oníbàárà mi ní láti pariwo kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Mo bá a jà lórí ariwo yẹn títí ó fi sú mi. Kò bẹ̀ mí lọ́jọ́ kan. "Jemilat," á ní, "ẹ̀rọ tìrẹ náà ń sunkún, mi ò bi ọ́ ohun tó ń dùn ún."

Onípáànù ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Fìtílà, àrọ, garawa, agolo tí wọ́n fi ń wọn epo, kò sí ohun tí Bàbá Àlímì kì í fi páànù ṣe. Wọn kò bí ọkùnrin. Sìkírátù ló ń fẹ́ná fún wọn láti kékeré, òun ló ń bá wọn fi ẹ̀mú di páànù mú, nígbà tó sì fi dàgbà, ewé ti pẹ́ lára ọṣẹ, ó ti dọṣẹ. Nígbà tí ìlú dàrú, tí wọ́n ní kí àwa tí a kì í ṣe ọmọ ìhà ibẹ̀ máa lọ sílé, bàbá àti ọmọ di ẹrù wọn, wọ́n forí lé Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni bàbá kú sí. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt lọ́dún 1968, a bẹ̀rẹ̀ sí padà díẹ̀díẹ̀. Mo ti padà dé Díóbù tipẹ́ kí Sìkírátù tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, àpò òòlù bàbá rẹ̀ lórí. Ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ṣì dúró. Ó lọ síbẹ̀ tààrà, ó gbá a, ó sì jókòó bí ẹni pé àná ló kúrò níbẹ̀.

Ìjókòó yẹn ló di ọ̀ràn. Ẹgbẹ́ onípáànù ló ni àwọn ìsọ̀ náà, Bàbá Ṣéhù, ará Òfà, sì ni olórí ẹgbẹ́. Òfin wọn ni pé ọmọ lè jogún ìsọ̀ bàbá rẹ̀ bó bá ti gba òmìnira iṣẹ́. Bí kò bá tíì gbà á, ẹgbẹ́ yóò fi ìsọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Bàbá Àlímì kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́ o, ṣùgbọ́n wọn kò mú un lọ gba òmìnira. Ta ló máa ń mú obìnrin lọ gba òmìnira onípáànù? Bashiru, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Ṣéhù, sì ti fojú sí ìsọ̀ náà, ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí aládùúgbò kí ó tó di aládùúgbò.

Òmìnira wọn yìí, ìdánwò kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó fẹ́ gbà á yóò gbé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá síwájú àwọn àgbà. Wọn á ku eérú gbígbẹ sínú àwo, wọn á bu omi kún ohun náà, wọn á gbé e lé eérú lórí, wọn á wá ṣe àdúrà. Bí wọ́n bá ti ṣe Àmín tán, wọn á gbé e kúrò. Bí eérú bá tutù, bó tilẹ̀ ṣe bí ojú abẹ́rẹ́, kí onítọ̀hún padà sẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́. Wọ́n ní ohun tí onípáànù bá ṣe tó ń jò, irọ́ ló fi páànù pa.

Ọjọ́ tí Sìkírátù lọ bẹ̀ wọ́n pé òun fẹ́ ṣe ìdánwò, mo wà níbẹ̀. Bàbá Ṣéhù wò ó títí.

"Mo mọ bàbá rẹ," ni wọ́n wí. "Bí o bá gbé fìtílà wá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí Àlímì ṣe sílẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ lo kọ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ni yóò jọ. Ohun tí bàbá rẹ kò ṣe rí láyé ni kí o gbé wá, ní Jímọ̀ tó parí oṣù yìí."

Bashiru bú sẹ́rìn-ín. Kí ló kù tí èèyàn lè fi páànù ṣe tí Àlímì kò ṣe? Sìkírátù kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo gbọ́, Bàbá," ló ní. "Ẹ sáà bá mi wá eérú tó gbẹ dáadáa."

Ohun tí Bàbá Ṣéhù kò mọ̀ ni pé Sìkírátù ti ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí bàbá rẹ̀ kò ṣe rí. Ìlú kún fún ṣọ́jà nígbà náà, àwọn ṣọ́jà sì kún fún ọkọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ wọn ní kékeré: lọ́rì tí wọ́n fi ń kó ọmọ ogun, Láńdírófà, ọkọ̀ tó ń fa omi. Kì í ṣe ìṣeré ọmọdé o. Ṣọ́jà kan á gbé e sókè, á ní ọkọ̀ òun nìyí, ọkọ̀ òun gan-an, iná ọwọ́ òsì rẹ̀ tó fọ́ náà rèé. Wọ́n ń rà á láti fi ránṣẹ́ sílé. Ọkọ̀ tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí, Sìkírátù kò ní ṣe é, bó ti wù kí o ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un tó.

Nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni Sájẹ́ńtì Dagogo wà, ọmọ Abuloma, ìlú kan létí odò, tó ń wa ọkọ̀ ogun onírin tí wọ́n ń pè ní Fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń gbé e dúró síbi tí àwọn ṣọ́jà ti ń dá ọkọ̀ dúró ní ìpẹ̀kun ọjà. Ọkọ̀ náà kéré, irin ni gbogbo ara rẹ̀, táyà mẹ́rin ló ní, orí rẹ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìbọn kan sì yọ jáde níbẹ̀. Dagogo fẹ́ kí ó ṣe irú rẹ̀ kékeré fún ìyá òun.

"Mama no gree say I dey inside iron," ló sọ fún un. "E say motor wey person dey enter from head, e never see am before. Make I show am."

"I go make am so tey your mama go find where to enter," Sìkírátù dá a lóhùn. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, Píjìn dùn lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ó yíjú sí mi. "Jemilat, èyí ni mo máa gbé lọ bá Bàbá Ṣéhù."

Mo ní orí rẹ̀ kò pé. Ọkọ̀ tó ní ilẹ̀kùn lórí, tó ní ihò ìbọn, tí irin tó so táyà pọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, òun ni wọ́n fẹ́ bu omi sí? Ó ní kí n yá òun ní tépù mi.

Tépù tí mo fi ń wọn àyà àwọn ìyàwó ilé ni ó lọ fi wọn ìdí ọkọ̀ ogun. Dagogo di etí kan mú, òun di èkejì mú, ó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù, àwọn ṣọ́jà ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ di ìlàjì ínṣì lára páànù, kò gbà kí ohunkóhun yẹ̀ kúrò nínú ìyẹn. Nígbà tó dá tépù padà, gírísì ti bò ó. Mo bínú gidi. Ó ní kí n máa fi wọn àwọn tó sanra, wọn kò ní mọ̀.

Táyà ló yọ ọ́ lẹ́nu. Ó wá ohun tó rí roboto tí kò tóbi jù, kò rí, àfi ìdérí ìgò bíà. Ó wá kọjá sẹ́yìn ilé ọtí àwọn ṣọ́jà, ó ń ṣa ìdérí sínú ìborùn rẹ̀. Bashiru rí i, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti gbọ́ pé ọmọ Àlímì ti ń mutí. Bàbá Ṣéhù ránṣẹ́ pè é. Ó da àwọn ìdérí náà sílẹ̀ níwájú wọn, ó ní, "Bàbá, ìdérí ni mo kó, mi ò kó ìgò. Ẹ gbóòórùn ẹnu mi." Àwọn àgbà bojú wẹ̀yìn kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ìdérí méjì ló fi ń kọ ẹ̀yìn síra wọn, ó yọ́ òjé, ó fi lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó wá gé tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, ó fi yí wọn ká. Mo wọn ọ̀kan fúnra mi. Ó pé bó ṣe yẹ kó pé.

Ìbọn rẹ̀, ó ká a bí wọ́n ṣe ń ká ẹnu fìtílà, ibi tí òwú ń gbà yọ, ihò gbalasa nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú. Mo bi í pé ìbọn nìyí àbí àtùpà. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni bàbá òun kọ́ òun láti ká páànù tín-ín-rín, òun kò ní lọ kọ́ òmíràn nítorí ogun. Orí ọkọ̀ náà ṣeé ṣí, ó sì ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì. Ní ti irin táyà, ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù, kò jẹ́ kí irin náà kan inú ọkọ̀ rárá. Ó ká páànù bí ọ̀pá, ó fi la inú ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó jó ẹnu rẹ̀ méjèèjì mọ́ ara ọkọ̀, ó wá ki irin táyà gba inú ọ̀pá náà kọjá. Omi ń bẹ lóde ọ̀pá, irin ń bẹ nínú rẹ̀, wọn kò ní pàdé láé. Ọkọ̀ Dagogo ti fẹnu gbá igi rí, ó tẹ̀ níwájú díẹ̀. Sìkírátù fi òòlù kan ibẹ̀ kí tirẹ̀ náà lè tẹ̀.

Ọ̀dà ló kù. Ọ̀dà ṣọ́jà kò sí lọ́jà. Ó lọ bá àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí odò, ó gba búlúù díẹ̀, ó gba èyí tó pọ́n bí ìyeyè, ó ha dúdú ẹ̀yìn ìkòkò, ó pò wọ́n pọ̀. Á kùn ún sára ìdérí agolo, á gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀ Dagogo, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara irin, á mi orí. Ó ti fẹ́ dà bí ewé jù. Ó ti fẹ́ dúdú jù. Nígbà tí ó wá bá ara mu, bí ó ti lẹ ìdérí náà mọ́ ara ọkọ̀, èmi kò rí i mọ́. Ó kun ọkọ̀ kékeré náà, ó fi igi ìgbálẹ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ ní funfun, ó fi pupa ẹrẹ̀ Díóbù pa ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń wò ó. Ó wù mí débi pé inú bí mi pé ti ìyá ẹlòmíràn ni.

Jímọ̀ pé. Lẹ́yìn ìrun, a péjọ sí ìsọ̀ Bàbá Ṣéhù. Dagogo ti sọ pé òun yóò yà gbà á kí ìrun Àsárì tó tó, nítorí pé ní ọjọ́ kejì ni wọ́n ń kó wọn lọ sójú ogun. Sìkírátù gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo eérú. Àwọn àgbà tẹrí wò ó. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ti orí rẹ̀, ó yí, bàbá náà sì fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá bí ẹni pé ó lè yìnbọn.

Bashiru ló la ẹnu. "Bàbá, ẹ ò rí ọ̀dà? Ọ̀dà ló fi dí gbogbo ihò ara rẹ̀. Agbọ̀n gan-an, bí wọ́n bá kùn ún báyìí, kò ní jò."

Ó dùn mí nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bàbá Ṣéhù fọwọ́ ra irùngbọ̀n wọn. Wọ́n ní a kì í kun ohun òmìnira lọ́dà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọmọ náà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kun fìtílà òmìnira lọ́dà rí tí wọ́n fi máa rántí. Wọ́n ní kí ó lọ ṣe òmíràn, kí ó gbé e wá lóṣù tó ń bọ̀. Kí Bashiru máa bá ẹgbẹ́ jókòó sí ìsọ̀ náà títí ìgbà yẹn.

Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ẹni tó bá jókòó sórí ìjókòó rẹ fún oṣù kan, ọlọ́pàá lo máa fi gbé e dìde.

"Jemilat," Sìkírátù wí, "abeg, bá mi mú kẹrosíìnì, àkísà àti iyanrìn wá."

Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Dagogo ń bọ̀ nísinsìnyí, ọ̀la ló ń lọ, o ò lè rí i kùn mọ́." Ó ní òun mọ̀. Mo ní kí ó ro ti ọ̀dà náà, gbogbo ìrìn etí odò yẹn. Ó ní òun ló rìn ín, kì í ṣe èmi. Mo lọ kó wọn wá, omi ti ń bọ́ lójú mi.

Ó jókòó sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó gbé ọkọ̀ náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyanrìn àti kẹrosíìnì ha á. Ọ̀dà náà kò tíì gbó, ó ń ṣí. Nọ́ńbà funfun lọ. Ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ táyà lọ. Àwọ̀ tí ó wá kiri títí tó fi bá ti ọkọ̀ ogun mu di omi dúdú lórí àkísà. Kò yára, kò sì dúró. Nígbà tó ṣe tán, agolo mílíìkì lásán ló jókòó síbẹ̀, ó ń dán, gbogbo ojú òjé rẹ̀ hàn gbangba bí ojú rírán aṣọ. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ mọ ojú rírán tó gún. Tirẹ̀ gún.

"Ó ti bọ́ṣọ," ló sọ fún Bàbá Ṣéhù. "Ẹ bu omi sí i."

Wọ́n ṣí orí ọkọ̀, wọ́n bu omi kún un dé ọrùn, nísàlẹ̀ ìbọn, wọ́n gbé e lé eérú. Bàbá Ṣéhù bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mi ò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ṣe é fún Àlímì tó ti kú, wọ́n ṣe é fún ìlú, fún àwọn tó wà lójú ogun, fún àwọn tó wà nínú igbó, fún ọjà, fún òjò, wọ́n padà wá ṣe é fún Àlímì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bashiru ń fa Àmín gùn kí omi náà lè ráyè jò. Ẹnu èmi ti gbẹ ju eérú lọ. Sìkírátù nìkan ló tẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wá kí ọmọ tuntun.

Wọ́n gbé e kúrò. Bàbá Ṣéhù fi ìka kan inú eérú. Wọ́n tẹrí sún mọ́ ọn, wọ́n fẹnu fẹ́ ẹ. Eérú gbéra kùù, ó bo Bashiru lójú.

"Àlímì bí onípáànù," ni Bàbá Ṣéhù wí. "Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ yẹn ti tán."

Mo hó, mo jó, mo pe Bashiru lórúkọ tí mi ò ní kọ síbí. A kò tíì dákẹ́ tí Dagogo fi dé. Ó rí ọkọ̀ rẹ̀ ní ìhòhò, ojú rẹ̀ yí padà.

"Wetin do my motor?"

Sìkírátù sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. "Na me comot the paint. I need am. Sidon, I go paint am again. E no go dry today, but I go paint am."

Dagogo gbé e, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó fọwọ́ kan ibi tó tẹ̀ níwájú. "Leave am," ló ní. "Since that time wey dem run enter bush, any green motor wey pass, Mama dey hide. E no dey ask who get am. This one wey dey shine like pot, e fit gree put am for house." Ó wá wo omi ìdánwò tó ń dà lẹ́nu ìbọn rẹ̀ bó ti ń yí i. "So e dey hold water?"

"Pass your jerrican."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ránṣẹ́ sí Abuloma lọ́jọ́ yẹn, ó sì lọ sójú ogun. Ẹ̀rù bà mí nítorí rẹ̀. Ọdún yẹn gùn. Bí lọ́rì tó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ bá ń kọjá, Sìkírátù á dá òòlù dúró, á na ọrùn wò. Bí mo bá bi í, á ní ọkọ̀ ni òun ń wò, kí òun lè mọ bí òun yóò ṣe ṣe é.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá àgbà kan wọ ọjà ní òwúrọ̀, ó ń bèèrè láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

"Abeg, which woman dey make lamp wey get tire?"

Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi wé nǹkan, Fẹ́rẹ́ẹ̀tì alágolo ló yọ. Ẹnu ìbọn rẹ̀ ti dúdú fún èéfín. Màmá Ibiere, ìyá Dagogo, ló dé. Wọ́n ti bu kẹrosíìnì sí ikùn ọkọ̀ náà, wọ́n ki àkísà gba inú ìbọn rẹ̀ jáde, wọ́n sì tanná sí i. Láti ọjọ́ tó ti dé ọwọ́ wọn, wọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ń gbé e sórí tábìlì ojú fèrèsé tó kọjú sódò, kí ọmọ àwọn lè mọ ilé bó bá ń bọ̀.

"Dagogo don come back?" Sìkírátù bi wọ́n. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

Màmá Ibiere fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn wọn. Dagogo ló ń bọ̀ láàárín àwọn aláta, ó ti rù, ó ń tiro díẹ̀, ó gbé agbọ̀n ìyá rẹ̀ sórí bí ọmọ rere. Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà, Sìkírátù ló kọ́kọ́ ní kí n dákẹ́.

Ó ti gbé ọkọ̀ náà, ó ti dojú rẹ̀ dé, ó ń fi ìka tọ ojú òjé abẹ́ rẹ̀. Ó gbẹ. "Kò jò," ló sọ, bí ẹni pé ẹnì kan bi í.

"E no dey leak," Màmá Ibiere ní, "but e dey waka! Small breeze, e don waka reach edge of table. My sister want her own. Abeg, no put tire."

Sìkírátù wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n bú. "Mama, motor wey no get tire, wetin we go call am? I go put tire. I go make small wood wey go hold am. How your sister table big reach?"

Màmá Ibiere na apá méjèèjì láti fi bí tábìlì náà ti gùn tó hàn án. Sìkírátù fa tépù ọrùn mi yọ láìtọrọ, ó wọn ọ̀nà tó wà láàárín ọwọ́ ìyá náà méjèèjì, ó sì wọlé lọ ṣa agolo.